Ọmọ Ajá Tí N Kò Rí Ìyá Rẹ̀

Èmi ni ọmọ tó kù sílé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Èkó, àbúrò mi ọkùnrin wà ní Kánádà, èmi sì wà ní Ìdó-Èkìtì, níbi tí mo ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá kù sílé ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Bí òrùlé ìyá wa ní Ùsì bá ń jò, èmi ni. Bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ bá tán, èmi náà ni. Àwọn tó kù ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì ń fi àṣẹ lé e. N kò bínú sí wọn mọ́. Ó kàn ti rẹ̀ mí ni.

Nígbà tí àwọn olè fo ògiri ìyá wa, tí wọ́n kó ewúrẹ́ mẹ́ta àti jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lọ, mo ti mọ̀ pé orí mi ni ọ̀rọ̀ náà yóò já lé. Àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ìpàdé lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí Màmá máa bọ̀ ní Èkó, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun nínú fúláàtì tó wà lókè pátápátá. Màmá, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó jókòó tì mí tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ní òun kò lọ síbì kankan. "Ulé mi rèé," ló wí. "Ibi tí mo sin ọkọ mi sí rèé." Àbúrò mi wá là á sí méjì: ká ra ajá òyìnbó gidi kan, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá ń lò, kó máa ṣọ́ ilé. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe kí Kérésì tó dé, kí Màmá dìde, kó máa lọ Èkó. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n wá ibi tó dáa rà á.

Ibi tó dáa. Kí ni mo mọ̀ nípa ajá? Ajá tí mo mọ̀ ni ajá bàbá mi, tó ń bá a lọ oko, tó ń lé ọ̀yà. Bàbá mi kì í ta ọmọ ajá. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan yóò se iṣu wá fún ìyá ajá, yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ títí ajá náà yóò fi jẹ ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ajá bá kọ iṣu náà, onítọ̀hún á gbé abọ́ rẹ̀, á máa lọ sílé. Bàbá mi ní ó yẹ kí ìyá mọ ẹni tó gba ọmọ òun, kí ẹni tó gba ọmọ náà sì mọ irú ìyá tó bí i. Bí ọmọ ajá náà bá wá kú, dandan ni kí ẹni náà padà wá sọ. Mo wà ní kékeré nígbà tí àgbà ọkùnrin kan fẹsẹ̀ rìn wá láti Ìlógbò nítorí èyí. Ó dúró níwájú ajá wa, ó ṣí fìlà, ó ní kó má bínú. Kò sẹ́ni tó fi í rẹ́rìn-ín.

Gbogbo èyí ni mo rántí. Mo sì sọ fún ara mi pé ajá ìbílẹ̀ nìyẹn, pé èyí tí a fẹ́ rà yìí ní ìwé lọ́wọ́.

Arákùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń kọ tẹ́nọ̀, tó tún ń ta ọmọ ajá. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó gbé páálí bisikíìtì kan wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ajá kan wà nínú rẹ̀, ó dúdú lẹ́yìn, ó pọ́n lẹ́sẹ̀, ó ń gbọ̀n. Mo béèrè bóyá mo lè rí ìyá rẹ̀. Ó ní ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá òun ní Ìbàdàn, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbí ẹ ò gbà mí gbọ́ ni, Mà?" Aṣọ akọrin ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá bi ará ìjọ rẹ̀ ní irú ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀mejì, olè ló pè é. Mo ní mo gbà á gbọ́.

Ó wá fún mi ní káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ibí yìí ni ojú ti ń tì mí jù. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi mọ ìwé ìpè orúkọ ọmọ ilé ìwé tí tíṣà fi ọjọ́ kan ṣoṣo kọ fún odindi sáà: bírò kan, ìkọ̀wé kan, kò sí àbàwọ́n ìka kankan níbẹ̀. Bí káàdì náà ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n ní wọ́n gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tilẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ní wọ́n bí i. Mo rí i. Mo fi káàdì náà sínú báàgì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì, mo sanwó. Ó ti rẹ̀ mí, mo sì fẹ́ kí iṣẹ́ náà tán.

Nígbà tí mo gbé e dé Ùsì, Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó yí i padà, ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ tó wú, ó sì wò mí. "Ṣé o rí èyí tó bí i?"

"Mo rí i, Màmá. Ó lẹ́wà."

Ó lẹ́wà! N kò mọ ibi tí ìyẹn ti jáde lẹ́nu mi.

Ọjọ́ márùn-ún ni inú Màmá fi dùn. Ọ̀rọ̀ tó ń bá ajá náà sọ pọ̀ ju èyí tó ń bá mi sọ lọ. Lọ́jọ́ kẹfà, ajá náà kò jẹun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ìgbẹ́ rẹ̀ di ẹ̀jẹ̀. Mo fi táwẹ̀lì dì í, mo gbé e lọ bá dókítà ẹranko ní Ìdó. Dókítà ya ẹnu rẹ̀ wò, ó ní kò tíì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pé wọ́n já a lẹ́nu ọmú ṣáájú àkókò, kò sì sí àmì pé ẹnikẹ́ni gún un lábẹ́rẹ́ rí. Ó ní àrùn tó ń pa á yìí máa ń jà níbi tí wọ́n bá ti kó ọmọ ajá oríṣiríṣi jọ sínú àgò kan. Ó fa omi sí i lára. Ó bi mí pé ọwọ́ ta ni mo ti rà á, mo sọ fún un, ó mí kanlẹ̀. Ó ní èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pọ́n, ajá ti kú.

Mo pe arákùnrin náà. Ó ní Olúwa fi fúnni, Olúwa sì gbà á lọ, pé bóyá oúnjẹ Màmá ló le jù fún un. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ohùn tẹ́nọ̀ rẹ̀ já gaara.

Màmá fúnra rẹ̀ ló sin ọmọ ajá náà sábẹ́ ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. "Ó yá," ló wí, "lọ sọ fún èyí tó bí i."

Mo ní, "Màmá, n kò rí i. Irọ́ ni mo pa."

Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi. Ó wò mí bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. "Tó bá ti di pé ẹ ó máa purọ́ fún mi kí n lè dúró nínú ulé mi," ló wí, "a jẹ́ pé mo ti di ẹrù." Ó wọlé, ó fa báàgì ńlá kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìró rẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: apá kan nínú mi yọ̀. Bí Màmá bá lọ Èkó, kò sí òrùlé tí n ó máa pààrọ̀ mọ́, kò sí oògùn, kò sí Ùsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí bí ó ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ìró kọ̀ọ̀kan kó tó kó o sínú báàgì, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo lé e kúrò nílé, kì í ṣe olè.

Mo padà lọ bá dókítà. Ó júwe obìnrin kan fún mi lẹ́yìn ìlú Ìkọ̀lé, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì tó ń sin irú ajá bẹ́ẹ̀. Mo wọ ọkọ̀, mo gba Ọ̀yẹ́ lọ. Mo rò pé a ó dúnàádúrà ni. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo wá tọrọ ọmọ rẹ̀ fẹ́. Báwo ni ògiri ilé ṣe ga tó? Ta ni yóò máa bọ́ ọ? Ta ni yóò máa mú un rìn? Ó mú mi lọ wo ìyá, ó mú mi lọ wo bàbá. Ó gbé ìwé abẹ́rẹ́ wọn jáde: bírò pupa, bírò dúdú, àbàwọ́n epo, etí rẹ̀ ti ká. Mo mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Iye tó dá lé ọmọ ajá tó ìlọ́po méjì ohun tí mo san ní àkọ́kọ́, ó sì di ọdún tuntun kí òmíràn tó wà. Ó ní owó tí wọ́n fi ń ra ajá kọ́ ni owó ajá, pé oúnjẹ ń bọ̀, oògùn aràn ń bọ̀, abẹ́rẹ́ ọdọọdún ń bọ̀. Ó wá bi mí ní ọjọ́ orí Màmá. Mo sọ ọ́. "Ẹ má bínú," ló wí, "mi ò ní tà á fún yín. Láàárín ọdún kan, ajá yìí á wọ́ ìyá yín ṣubú."

Inú bí mi débi pé mo dìde. Oníjìbìtì tà fún mi, olóòótọ́ kò tà fún mi. Obìnrin náà ní kí n jókòó. Ó ní ajá kan wà níbẹ̀ tó ti lé ní ọdún méje, tó ti bímọ tán, tí ohùn rẹ̀ le ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ti balẹ̀. Kò ní tà á. Àmọ́ ó ń wá ilé tó dákẹ́ fún un. Kí Màmá fúnra rẹ̀ wá. Bí apá wa kò bá sì ká a lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ̀ òun ni ká dá a padà sí, kì í ṣe ibòmíràn.

Mo pe Màmá láti ibẹ̀. "Màmá, mo rí ajá kan. Lọ́tẹ̀ yìí, mo rí i."

Ó ní, "Ṣé ó ń jẹ uṣu?"

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì ni a lọ. Màmá gbé abọ́ onídèérí tí iṣu sísè wà nínú rẹ̀ lé itan láti Ùsì títí dé Ìkọ̀lé. Pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó na iṣu sí ajá náà. Ajá gbóòórùn rẹ̀, ó sì yíjú kúrò. Ó tún nà án, ajá tún yíjú kúrò. Mo ti ń wo báàgì Èkó yẹn lọ́kàn mi. Màmá kò pè é, kò bẹ̀ ẹ́. Ó bu díẹ̀ nínú iṣu náà, ó sì jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, ajá àgbà náà rọra wá, ó jẹ èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí àbúrò mi rí fọ́tò rẹ̀, ó ṣàròyé lórí fóònù pé ajá arúgbó ni wọ́n gbé fún wa, pé irun ẹnu rẹ̀ ti funfun. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Èmi náà ti darúgbó," ló wí. "Ṣé kí wọ́n gbé mi dànù ni?"

Nígbà tí mo lọ sí Ùsì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ajá náà gbó mi láti ẹnu géètì títí Màmá fi bá a wí. Nínú ilé, mo rí báàgì ńlá yẹn lórí ilẹ̀. Kò sí ìró kankan nínú rẹ̀ mọ́. Màmá ti tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, ajá sì lọ dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀.

Màmá gbé iṣu wá. "Jókòó," ló wí fún mi, "ó ti rẹ̀ ọ́." Kò sẹ́ni tó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti ọjọ́ tí olè ti fo ògiri. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá náà, mo gba iṣu lọ́wọ́ ìyá mi, mo sì jẹ ẹ́.