Ọjọ́ Tí N Kò Kúnlẹ̀ fún Olóyè Lókè

Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bàálù kú mọ́ mi lọ́wọ́ lókè Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú mi, kò lè kúrò lọ́kàn mi. Olóyè kan láti ìlú wa ni mò ń gbé lọ sí Àbújá nínú bàálù kékeré rẹ̀. Lójijì, ẹ́ńjìnnì ọ̀tún gbọ̀n jìgìjìgì, iná pupa tàn níwájú mi. Mo pa ẹ́ńjìnnì náà, mo yí padà sí Èkó.

Olóyè já wọ yàrá awakọ̀ bàálù bá mi.

"Ìkan ṣì ń ṣiṣẹ́! Àbújá là ń lọ! O jókòó sórí àga, ò ń bá mi jiyàn? Kúnlẹ̀!"

"N kò ní kúnlẹ̀, bàbá. Ẹ lọ jókòó, kẹ́ ẹ de bẹ́líìtì yín."

A balẹ̀ láìfarapa. Bí ẹsẹ̀ wa ṣe kan ilẹ̀, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀: "Ẹ kú ewu, bàbá."

Bí a bá tún gòkè lọ́la, n kò ní kúnlẹ̀.