Aṣọ Ìnujú Dádì

Bí mo bá rí eruku nínú oòrùn ojú fèrèsé, Dádì ni mo máa ń rántí. Olùkọ́ Poli ni wọ́n l'Ọ̀fà níbí. Èmi ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń fọṣọ wọn. Lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń wọn eruku àti gáàsì tó yí ìràwọ̀ tuntun ká, tí ayé mìíràn ń tinú rẹ̀ jáde.

"Eruku là ń rí," wọ́n á ní. "Gáàsì ló pọ̀ jù, a kàn ń fojú bù ú ni."

Ikọ́ ni Mummy, ìyàwó wọn, ń gbọ́. Èmi ń fọ ẹ̀jẹ̀ inú aṣọ ìnujú Dádì.

Wọ́n bẹ̀ mí pé, "Má sọ fún Mummy. Jẹ́ kí n parí ìràwọ̀ yìí ná."

Mi ò sọ. Wọn ò parí ẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Mummy bi mí pé, "Ṣé o ò rí nǹkan kan ni?"

Mo ní, "Ikọ́ nìkan ni, mà."