Ọkọ̀ Ìjàpá Tí Ọmọ Mi Jí Dìde

Òórùn gáréèjì ilé wa nígbà náà kò jọ ti ibòmíràn. Òórùn irin tó ti dípẹtà wà níbẹ̀, àti ti bẹtiróò tó ti pẹ́ jù nínú táńkì, àti òórùn tútù àwọn ewé tí mo fi ń di obì, nítorí pé ìdajì gáréèjì náà ni mo ń kó apẹ̀rẹ̀ obì mi sí kí n tó gbé wọn lọ sí ọjà Sábó. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí oòrùn sì yọ, ìmọ́lẹ̀ á gba ojú ihò páànù wọlé ní tín-ín-rín tín-ín-rín, eruku á sì máa fò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Mo ti ka àwọn ihò náà rí. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Abẹ́ wọn ni ọkọ̀ ìjàpá bàbá mi wà, lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, tó ń sùn láti ọdún tí bàbá mi ti kú.

Bí o bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi, wàá rántí irú ọkọ̀ yẹn: kékeré, ẹ̀yìn rẹ̀ rí ribiti, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, ibi ẹrù sì wà níwájú. Tíṣà ni bàbá mi ní Ìkẹ́nnẹ́, òun ló sì fi ń lọ síbi iṣẹ́ láti Ṣàgámù. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọdé, mo máa ń rò pé ọkọ̀ náà ló ń mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀, pé bàbá mi kàn ń jókòó sínú rẹ̀ tó ń kọ orin ìyìn ni. Nígbà tó di tèmi, mi ò lè tà á, mi ò sì lè tún un ṣe. Mo kàn ń nu ojú dígí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ó yẹ kí n sọ irú bàbá tí mo jẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, obìnrin, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí a ti ṣègbéyàwó. Láti ìgbà tó ti ń rákò ni mo ti ń wọn bí àtẹ̀gùn ilé wa ṣe ga tó. Ìgò òróró àdúrà kékeré kan wà nínú àpò mi nígbà gbogbo. Mo fi kan bàtà rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ ilé ìwé, mo fi kan ìbùsùn rẹ̀ ní pólì, mo sì fi kan fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ tó rà á. Kì í bá mi jà sí i. Á kàn fi etí aṣọ nù ún, á rẹ́rìn-ín, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ló kà ní pólì. Ọdún tó jáde, ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń ṣa obì.

"Dádì, wọ́n ti pè mí o."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń tún tírélà ṣe n'Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí i ni wọ́n ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Tírélà? Tírélà tó lè tẹ èèyàn pa?"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná. "Bàbá ọmọ, ẹ farabalẹ̀. Wọn ò ní kó lọ sùn sábẹ́ ẹ̀."

"Mọ́mì, abẹ́ ẹ̀ gan-an la máa ń sùn sí tá a bá ń tún un ṣe," ni ọmọ mi wí.

Mi ò sọ pé kó má lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, mi ò sì fẹ́ kí ó sọ lọ́jọ́ iwájú pé èmi ni mo dí òun lọ́nà. Mo wo ìjàpá tó wà lẹ́yìn mi, mo sì rò pé mo ti rí ọgbọ́n kan dá. Mo ní, "Tún ọkọ̀ bàbá àgbà ẹ ṣe. Bó o bá fi gbé mi dé Ìkẹ́nnẹ́, tó o sì gbé mi padà wálé láìsí wàhálà, máa lọ sí Ìbàdàn, màá sì gbàdúrà fún ẹ." Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo ti gbé ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sókè rí, níbi tí bátìrì máa ń wà, mo sì rí ilẹ̀ gáréèjì kedere láti inú ọkọ̀. Ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ á kọjá, ọmọ mi á sì wà nílé.

Ó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kejì. Ó so ìborùn mọ́rí, ó wọ ṣòkòtò mi àtijọ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pépà oníyanrìn họ ara ọkọ̀ náà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ìró pépà náà dà bí òjò tó ń rọ̀ jẹ́jẹ́ ní ọ̀nà jíjìn. Èmi a jókòó ti apẹ̀rẹ̀ mi, màá máa yẹ obì wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́, oorun ọ̀sán á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ, eruku pupa á máa bọ́ sílẹ̀ lára irin, ìmọ́lẹ̀ orí páànù á sì máa sún díẹ̀díẹ̀ láti orí ọkọ̀ bọ́ sórí ọwọ́ ọmọ mi. Ìgbà mìíràn wà tí mi ò mọ̀ bóyá òun ni mò ń wò tàbí bàbá mi, nítorí pé bí bàbá mi ṣe máa ń ká ètè rẹ̀ wọnú tó bá ń ronú ni òun náà ń ṣe.

Lọ́jọ́ kan mo dìde, mo fi ìka kan ara ọkọ̀ náà bí mo ṣe máa ń kan obì tí mo bá fura sí. Ibi tí irin ti jẹrà lábẹ́ ọ̀dà máa ń dún lọ́tọ̀, ó máa ń dún gbọ̀ọ̀. Mo fi ẹfun sàmì sí ibi mẹ́tàlélógún. Ọmọ mi wá kàn wọ́n, ó sì tún dá ìka padà sórí wọn. Ó ní, "Dádì, mẹ́sàn-án péré ni èmi ti rí tẹ́lẹ̀ nínú gbogbo èyí. Ta ló kọ́ yín?" Mo ní obì ló kọ́ mi. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Bàbá jórinjórin kan tó ti dàgbà ló wá láti Simawa láti bá a jó irin tuntun mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo ní wọn ò gbọdọ̀ ṣáná títí wọn á fi yọ táńkì bẹtiróò kúrò pátápátá, tí wọ́n á sì gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo tún gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì iyanrìn mẹ́ta wá. Bàbá náà wò mí, ó wo iyanrìn, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ gbé bíríkì wá sí i, ká kúkú kọ́ ilé."

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ó kan bíréèkì. Ọmọ mi tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ṣí irin roboto tó bò wọ́n, ó sì fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn mí: irin méjì méjì tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, tí a lẹ nǹkan líle kan mọ́ lára. Ó ní ṣúù ni wọ́n ń pè wọ́n. "Bí mo bá tẹ bíréèkì, àwọn wọ̀nyí á fẹ̀, wọ́n á sì gbá irin yìí mú kó má lè yí mọ́. Àwọn ló ń mú ọkọ̀ dúró, Dádì." Ó ti fọ gbogbo wọn mọ́. Ó ti pààrọ̀ rọ́bà tó ń dá omi bíréèkì dúró nínú táyà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá pè é pé kó wá jẹun.

Ó ku èmi nìkan. Mo wo àwọn irin kékeré wọ̀nyẹn, mo sì rò ó pé àwọn ni ẹ̀mí ọmọ mi rọ̀ mọ́. Mo yọ ìgò òróró mi. Mo kán an lẹ́ẹ̀mẹta sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi ìka ya àgbélébùú síbẹ̀, mo sì gbàdúrà pé kí Olúwa jẹ́ kí wọ́n dì í mú. Méjì ní táyà kan, mẹ́jọ lápapọ̀. Mi ò fo ọ̀kan. Mo jókòó padà síbi obì mi pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ tí mi ò tíì ní láti ọ̀sẹ̀ méje. Nígbà tí ọmọ mi jẹun tán, ó dá irin náà padà bò wọ́n láìwò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìjàpá náà jí. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bó ṣe máa ń ké nígbà èwe mi, mo sì ní láti yíjú síbòmíràn. A wọnú ọkọ̀, a jáde ní ọgbà. Ojú ọ̀nà ilé wa ní àdúgbò Ofin dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kó tó dé títì. Nígbà tí a dé ìdajì rẹ̀, mo rí i tí ọmọ mi tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. "Dádì, kò dúró!" Ó fa bíréèkì ọwọ́, ọkọ̀ kàn ń yọ̀ lọ ni. Títì wà níwájú wa, àwọn mọ́tò ń kọjá lórí rẹ̀. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ sí òsì, ó sì wọnú òkìtì iyanrìn tí aládùúgbò wa dà sílẹ̀ láti fi kọ́lé. Gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́. Mo gbọ́ iyanrìn tó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ sórí dígí. Kò sẹ́ni tó farapa.

Wọ́n bá wa ti ọkọ̀ padà sí gáréèjì. Ọmọ mi tú táyà kan, ó ṣí i, ó sì rí i pé inú rẹ̀ tutù. Ó fi ìka pa á wò. Ó ní, "Rọ́bà tí mo fi sí i ló ń jò." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ká ní tírélà ni ńkọ́? Mo lè pa èèyàn." Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mi ò ní lè ṣe é, Dádì. Màá pè wọ́n ní Ìbàdàn pé mi ò wá mọ́." Ó tú rọ́bà bíréèkì tó wà ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dà sínú abọ́ kan, ó sì jáde.

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ike funfun kékeré tí omi bíréèkì wà nínú rẹ̀, níwájú ọkọ̀. Mo ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí omi náà dé lọ́jọ́ tó bù ú sí i, nítorí mo fẹ́ràn kí n mọ iye ohun gbogbo. Kí ọmọ mi tó tú nǹkan kan, mo ti wò ó: omi náà ṣì wà lórí ìlà, kò lọ sílẹ̀ tó ìbú òwú. Rọ́bà tó ń jò kì í fi omi sílẹ̀ síbi tó wà. Mo mọ ohun tó ń yọ̀ lórí àwọn irin wọ̀nyẹn tí wọn ò fi lè di nǹkan mú, mo sì mọ ẹni tó dà á síbẹ̀.

Mi ò sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Wọ́n jẹ́ ọjọ́ tó dùn lójú, bí ìgbà tó wà lọ́mọdé: ó ń bá mi ṣa obì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n kì í wo ẹnu ọ̀nà gáréèjì tó bá ń kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó se tíì tán, ó ti gáàsì pa, ó dúró, ó tún padà lọ fọwọ́ kàn án. Ó wá pè mí. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá mo tì í dáadáa."

Bí èmi ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ohùn tèmi ni mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ mi. Mo rí i pé ohun tí mo ti ń rù láti ọjọ́ tí wọ́n bí i ni mo ti fẹ́ gbé kà á lórí.

Mo gbé ìgò òróró náà sórí tábìlì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó mú ìgò náà, ó yí i wò. "Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ?"

"Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Ó tiẹ̀ kà á!" ni ìyá rẹ̀ ké láti ilé ìdáná.

Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ sì ń wò mí fún ọjọ́ mẹ́ta." Mo ní kó má bínú. Mi ò rò pé mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Ó dìde, ó jáde. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ tí irin ń kan irin ní gáréèjì.

Ó ra ṣúù tuntun, ó ní òróró ti mu ti àtijọ́ yó. Ó dá gbogbo rọ́bà padà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ké sí mi. "Dádì! Mo nílò ẹsẹ̀ ẹnì kan."

Afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù bíréèkì, ẹni méjì ló sì máa ń lé e jáde: ọ̀kan á jókòó sínú ọkọ̀ láti tẹ bíréèkì, èkejì á wà lábẹ́ láti máa tú nọ́ọ̀tì kékeré kan, kó sì tún máa dè é. Mo jókòó sí àyè bàbá mi. Mi ò rí ọmọ mi rárá.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má tíì gbẹ́sẹ̀ o."

Mo gbẹ́sẹ̀ nítorí mo rò pé mo gbọ́ tó kérora.

"Dádì! Ta ló ní kẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀? Afẹ́fẹ́ ti tún wọlé."

"Ẹ̀rù bà mí pé ó ṣe ẹ́ léṣe."

"Ẹ gbé ẹ̀rù yẹn sílẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo bẹ̀."

A bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ dì í mú. Ó yá, ẹ gbẹ́sẹ̀. A ṣe é ní táyà kìíní, a ṣe é ní èkejì, títí bíréèkì náà fi le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí òkúta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó gbé mi lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, ó sì gbé mi padà. Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ sí Ìbàdàn, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí; mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí gbogbo ohun tí mo ti ṣe fún ọmọ yẹn láti kékeré, gbogbo ibi tí mo ti ki ọwọ́ bọ̀ láìbéèrè, ìrọ̀lẹ́ kan yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn pé mo wúlò fún un jù. Mi ò rí ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò rí ohun tó ń tú, mi ò mọ ìgbà tí yóò parí. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ láti abẹ́ ọkọ̀, mo sì gbà á gbọ́.