Àga Bàbá Mi àti Ẹran Inú Fìríìjì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo bá jókòó sídìí tábìlì tí ẹsẹ̀ mi ò tíì kan ilẹ̀, ẹni tí kì í sí nílé ló ni ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa ní Stone Mountain, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí bàbá yín fi bàálù ṣe ẹsẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá mi ń ta ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kiri ìlú onílùú. Ìdájí Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń jáde, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń wọlé, bí bàálù bá gbà fún wọn. Màmá mi á bu ẹran ńlá náà sínú abọ́ onídèérí, wọ́n á gbé e sínú fìríìjì, wọ́n á sì kìlọ̀ fún èmi àti Déjì àbúrò mi pé ojú lásán ni ká fi máa wò ó.

Ìgbà kan wà tí Déjì já etí ẹran náà jẹ. Àwa méjèèjì la kúnlẹ̀, a káwọ́ sókè, a kọjú sí ògiri títí ẹsẹ̀ wa fi kú. Màmá ní, "Olórí ilé kì í jẹ àjẹkù ọmọ." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí olórí ilé bá dé, wọ́n ti yó. "Mo ti jẹ nǹkan in the airport lounge," ni wọ́n á wí, wọ́n á wá máa fi ṣíbí ṣeré lórí ẹran tí itọ́ wa ti ń dà lé látìgbà tí wọ́n ti lọ. Ẹ̀bùn wa ni ọṣẹ kéékèèké láti òtẹ́ẹ̀lì, àti ẹ̀pà inú ọ̀rá tí kò lè kún ọwọ́ ọmọ jòjòló.

Iṣẹ́ tèmi ni láti tú àpótí wọn, kí n kó ẹ̀wù tó ń rùn bí inú bàálù lọ fọ̀, kí n sì nu bàtà wọn ní ìrọ̀lẹ́ Sunday. Eré wa kò jìnnà sí iṣẹ́ wa. Déjì á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá bí ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ òfuurufú, á ní kí àwọn ọmọ aládùúgbò bọ́ bàtà àti bẹ́líìtì, á sì gba bisikíìtì lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in lápò. Bàbá mi á máa rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ̀ pé àwọn gan-an la fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní káàdì aláwọ̀ wúrà kan tí àwọn elébàálù fún wọn, wọ́n á fi han gbogbo àlejò pé òun ló ń jẹ́ kí àwọn wọlé sínú bàálù ṣáájú èrò. Ẹni tó ń tètè wọlé lọ́hùn-ún, kí ló dé tí kì í tètè wọlé níbí?

Oríkì ìdílé wa ni kò jẹ́ kí n kórìíra wọn pátápátá. Oríkì ilé bàbá ni, Màmá ò mọ̀ ọ́n kì, nítorí náà láti òtẹ́ẹ̀lì ni Bàbá ti ń pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wí, èmi á tẹ̀ lé e. Ohùn mi, ohùn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, á yà kúrò lọ́nà, wọ́n á rọra fà á padà. Ọjọ́ Àṣà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo fẹ́ kì í, kí wọ́n sì gbọ́ ọ. "Báyọ̀, I'll be in front," ni wọ́n wí. Mo gbà wọ́n gbọ́.

Lọ́sẹ̀ náà, iṣẹ́ pẹ́, ó di àárọ̀ Sunday kí wọ́n tó lè wọ bàálù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá gbé bàágì ọwọ́ wọn sórí àga kan níwájú fún Bàbá, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó síbẹ̀. Fóònù Màmá wá tàn, wọ́n ka àtẹ̀jíṣẹ́ Bàbá, wọ́n ṣu ẹnu jọ. Èrò ti pọ̀ jù nínú bàálù. Àwọn elébàálù ń wá ẹni tí yóò fi àga rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fún un ní ìwé ìrìn àjò ọ̀fẹ́. Bàbá mi ló nawọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn o! Mo jáde síwájú, mo kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò ṣìnà rárá. Bàágì ìyá mi ni mo kì í fún. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́.

Bí a ti délé, Màmá gbé ẹran náà jáde, wọ́n gé e sí méjì, wọ́n gbé e síwájú wa. A ń wo ògiri tí a kọjú sí lọ́jọ́sí.

"Mo ní kí ẹ jẹ ẹ́!"

A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní tútù. Bàbá wọlé nírọ̀lẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, pé ìwé ọ̀fẹ́ yìí yóò gbé gbogbo wa lọ wo òkun. Wọ́n ṣí abọ́, ọbẹ̀ lásán ni wọ́n bá.

"Ẹran mi dà?"

"Dádì Báyọ̀, ẹ ti fi seat yín sílẹ̀ fún ẹlòmíì," ni Màmá wí. "Ẹran náà bá seat lọ."

A ò dé òkun kankan. Ìwé náà kú sínú dúrọ́ọ̀, nítorí ẹni tó ni ín kò ráyè dúró pẹ̀lú wa kó lò ó kí ọjọ́ rẹ̀ tó kọjá.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ẹ bi mí léèrè ohun tí ilé iṣẹ́ fi dá wọn lọ́lá: àpótí ìrìn àjò, onítáyà mẹ́rin! Èmi náà ń ta ẹ̀rọ lónìí, irú ìpàdé tí wọ́n ń fò lọ ṣe ni mò ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà ní kíṣìn, ẹ̀wù ọ́fíìsì lókè, ṣòkòtò ilé nísàlẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń rà. Ọmọ mi obìnrin ló ń kọ́kọ́ mú ẹran. Egungun ni tèmi.

Ní oṣù tó kọjá, ó kan òun náà láti ki oríkì ní Ọjọ́ Àṣà. Orí àga pálọ̀ mi ni Bàbá ti kọ́ ọ, ojú kojú. Kí èrò tó dé, wọ́n ti jókòó níwájú. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń fi àga han èèyàn wá bá wọn pé, "Daddy, please, ẹ bá wa sún sẹ́yìn díẹ̀, àlejò wa fẹ́ lo seat yìí."

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú. "Mi ò fi sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Bí ẹ bá fún mi ní gbogbo plane tó wà ní Atlanta, mi ò fi sílẹ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń di àga mú, wọn ò sì dì í mú nígbà tèmi. Ọmọ mi jáde, ó kì í, omi bọ́ lójú bàbá mi. Nígbà tí a délé, mo bu ẹran tó tóbi jù sínú àwo Bàbá, mo sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán.