Orúkọ Mùlíkàt Lára Ẹrù

Ní ọdún 1997, kò sí ará Èkó tó ń ra ọjà ní Deira, ọjà ńlá nílùú Dubai, tí kò mọ Mùlíkàt. Abu Shagara ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, ló ń gbé, ṣùgbọ́n Deira ló ti ń di ẹrù fún àwọn oníṣòwò. Á to nǹkan wúwo sí ẹ̀gbẹ́, á ki aṣọ sí àárín, á fi abẹ́rẹ́ gbọọrọ rán ẹnu àpò, á sì fi okùn dè é ní ìbú àti òòró. Ẹrù rẹ̀ kì í tú, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń sọ ọ́. Nígbà tó yá, orúkọ rẹ̀ di orúkọ irú ẹrù dídì yẹn: "Mùlíkàt" ni àwọn oníbàárà ń béèrè, kódà ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé rí.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí Raliat, tó ń ta bàtà, ti Èkó dé.

"Mùlíkàt, o ti ba ọjà mi jẹ́! Ẹrù tú ní Àpápá, òjò pa bàtà mi! Wọ́n ní original Mùlíkàt ni!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló bá yín dì í?"

"Kàbírù, ní ṣọ́ọ̀bù kejì."

Orúkọ yẹn ni Mùlíkàt fi ń jẹun, àwọn oníbàárà sì ti ń wo ara wọn.

Ọ̀kan nínú wọn, Ògúnjọbí, tó ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú kó tó di oníṣòwò, fẹ́ tù ú nínú.

"Àbúrò, má bínú. Ọlọ́gbọ́n kan wà nílẹ̀ Faransé láyé àtijọ́, Descartes. Nínú ìwé Látìn, Cartesius ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó tẹ̀ lé èrò rẹ̀ mú orúkọ yẹn, òyìnbó bá ní Cartesian. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n fi orúkọ náà pè ló ti ẹnu rẹ̀ jáde. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó ti kú."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ò tíì kú," ni Mùlíkàt wí. "Yalla, ẹ jẹ́ ká lọ bá Kàbírù."

Gbogbo wọn wọ́ tẹ̀ lé e. Wọ́n bá Kàbírù, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, níbi tó ti ń di ẹrù.

"Ṣé Mùlíkàt nìyí náà?" ni Mùlíkàt bi í, ó na ìka sí ẹrù náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni o."

Mùlíkàt fi ọwọ́ kan ṣoṣo fa okùn, ẹrù náà tú yáyá sílẹ̀. Ojú ti Kàbírù gan-an. Mùlíkàt kò bú u. Ó jókòó, ó tún ẹrù náà dì láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fi ibi tí okùn ń gbà hàn án. Raliat tó ń pariwo lẹ́ẹ̀kan ti ń bi í ìgbà tó máa ráyè di tòun.

"Ẹ ṣé, àǹtí," ni Kàbírù wí. "Kí ni kí n wá máa pe tèmi?"

"Máa pè é ní Kàbírù. Tó bá tú, kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa bú."