Páàdì Tó Dé Lẹ́yìn Ìsìnkú

Bàbá àgbà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdí táyà iwájú bí ẹni ń yẹ ara ọmọ tó ń gbóná wò, kíá ni wọ́n sì gbé e kúrò. Irin náà ti gbóná janjan, òórùn bí ìgbà tí rọ́bà bá bọ́ sínú iná ń jáde níbẹ̀. Wọ́n ní kí bàbá mi tún wa pikọ́ọ̀pù náà síwájú díẹ̀, kí wọ́n tẹ bíréèkì. Ó ha gààràgà, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò.

"Irin ló ń jẹ irin," Bàbá àgbà wí.

Àwọn ló bí ìyá mi. Abíjàn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ mọkálíìkì kí wọ́n tó padà sí Ẹ̀jìgbò, "firẹ́ẹ̀nì" ni wọ́n sì ń pe bíréèkì títí wọ́n fi kú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wọn lọ sábẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ọ́ìlì ti sọ ilẹ̀ di dúdú.

Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n tú táyà, wọ́n yọ páàdì tó ń mú táyà dúró jáde. Ara rẹ̀ tó yẹ kó nípọn bí ìka ti jẹ tán, ó ku irin pẹlẹbẹ lásán.

"Irú èyí kò sí ní Ẹ̀jìgbò. Mo máa ránṣẹ́ sí Òṣogbo, ó di ọ̀la. Ẹ má gbé ọkọ̀ yìí jáde o."

Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí bàbá mi ti hú sílẹ̀ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn ti pé ọjọ́ méjì. Bó bá tún sùn, inú rẹ̀ á dúdú.

"Bàbá, ẹ bá mi dè é padà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré. Díẹ̀díẹ̀ ni mo máa wà á."

Bàbá àgbà kọ̀. Bàbá mi bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ọ́ìlì yẹn. Àwọn tó ń kọjá dúró, wọ́n ń wò. Ojú ti Bàbá àgbà pé àna wọn wà nílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Wọ́n mú sípánà, wọ́n dè é padà.

Bí wọ́n ti ń ṣe é tán ni ìyá mi dé, tó gun iwájú ọkọ̀.

"Sọ̀kalẹ̀. Ìwọ má lọ," Bàbá àgbà wí fún un.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa bá wọn kó ẹ̀gẹ́, Bàbá? Ṣebí ọwọ́ yín lọkọ̀ ti kúrò, kí ni mo fẹ́ máa bẹ̀rù?"

Bàbá àgbà fi àkísà nu ọ́ìlì ọwọ́ wọn. Bàbá mi ṣáná sí ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù, bíréèkì ò mú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Igi ni wọ́n lọ kọlù. Ẹsẹ̀ bàbá mi kán. Ìyá mi ò délé láàyè; kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni awakọ̀ kan gbé páàdì dé láti Òṣogbo. Wọ́n ti fa pikọ́ọ̀pù náà wá sábẹ́ igi, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ti run wómúwómú. Mo rò pé Bàbá àgbà á ju páàdì náà nù ni. Wọ́n gbé jáàkì. Wọ́n fi sáńpépà ha àwo irin títí ó fi ń dán, wọ́n ki páàdì tuntun bọ̀ ọ́, wọ́n da ọ́ìlì bíréèkì tuntun sí i. Wọ́n ní kí n gun ìjókòó awakọ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì.

"Tẹ̀ ẹ́. Fi sílẹ̀. Tẹ̀ ẹ́."

Ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó o. Wọ́n fi ọwọ́ yí ìdí táyà, mo tẹ̀ ẹ́, ó dúró gbàgà.

"Ó mú," ni wọ́n wí. "Wò ó, ó mú." Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún. Èmi ò gbé ẹsẹ̀ mi kúrò, torí wọn ò tíì ní kí n fi sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò wa ọkọ̀ náà mọ́. Nígbà tí bàbá mi lè fi ọ̀pá rìn, wọ́n wá sọ pé, "Èmi ni mo bẹ̀ yín." Bàbá àgbà ní, "Ọwọ́ mi ló dè é." Kò sẹ́ni tó lè gba ẹrù náà lórí ẹnì kejì. Ọdún mẹ́ta ni Bàbá àgbà tún lò láyé, wọn ò fọwọ́ kan sípánà.

Títí dòní, mi ò lè fara da kí èèyàn máa bẹ̀ mí. Bí ọmọ mi bá kúnlẹ̀, ẹ̀yìn ni mo ń kọ sí i. Wọ́n ń pè mí ní ọlọ́kàn líle, ẹ̀rù ni wọn ò mọ̀ pé ó ń bà mí. Bàbá àgbà mọ̀ pé bíréèkì náà ti jẹ tán, wọ́n sì sọ ọ́. Kò tó láti dúró níwájú ẹ̀bẹ̀.