Pupa bí Ata, Pupa bí Ìyeyè

"Pupa bí ata ni, àbí pupa bí ìyeyè?"

Ìbéèrè yìí ni mo fi ń rántí bàbá onílé mi ní Ijapo, l'Ákùúrẹ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti lọ sókè òkun. Ẹja mẹ́ta inú àpótí gíláàsì nìkan ló ń bá a gbélé.

Gbogbo Sátidé ló máa ń pè mí wá yẹ omi ẹja náà wò. Ó ní ojú òun ti di bàìbàì. Yóò bu omi sínú ìgò tín-ín-rín, yóò kán oògùn sí i, a ó sì jókòó tì í títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yọ. Bó bá rí bí ìyeyè, omi dára. Bó bá rí bí ata, ìdọ̀tí ti pọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kàn sọ pé, "Ó pupa, sà." Kí n tó ṣàlàyé, bàbá ti da omi tó dára nù.

Nígbà tí ìlú wá le, tí oògùn náà di ohun àwátì, mo bá a rí oríṣi kan tó jẹ́ bébà ní Oǹdó. Bí wọ́n bá ti rì í bọmi báyìí, àwọ̀ ti yọ. Bàbá gbà á, ó ka àwọn lẹ́tà wínníwínní ẹ̀yìn rẹ̀ sókè ketekete, láìlo awò. Ó wá dá a padà fún mi.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èyí ti yá jù. Ìgbà wo la ó wá jókòó?"